Nígbà Tí Mọ́tò Funfun Bá Lọ Tán: Àyẹ̀wò Àwọn Ètò Ìlàjà Tí Òkèèrè Ń Náwó Sí, Láti Oru-Ìjẹ̀bú

Kànga ní omi tàbí kò ní. Ilé ìwòsàn ní oògùn tàbí kò ní. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ irú ìrànwọ́ bẹ́ẹ̀ wò, ojú lásán ti tó. Ètò ìlàjà lẹ́yìn ogun kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní àwọn ti fi owó pẹ̀tù sí aáwọ̀. Wọ́n á kó fọ́tò jáde níbi tí àwọn àgbààgbà ti ń bọ ara wọn lọ́wọ́. Àwọn ọ̀dọ́ á wọ ẹ̀wù tí wọ́n tẹ orúkọ ètò náà sí láyà. Kí lèèyàn fẹ́ fi mọ̀ bóyá iṣẹ́ tí wọ́n gbowó fún ni wọ́n ṣe?

Ìbéèrè kan ṣoṣo la fi ń wọn gbogbo wọn níbí: nígbà tí mọ́tò funfun àwọn olówó ìrànwọ́ bá ti padà sí Àbújá, kí ló kù tí àwọn méjèèjì tó jà jọ ní, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò lè dá lò? Ó lè jẹ́ ìwé tó ní òǹtẹ̀ ìjọba méjì, ààlà oko tí wọ́n jọ gbin pèrègún sí, tàbí afárá tí ẹsẹ̀ wọn jọ ń tẹ̀. Èyí tí kò bá fi irú rẹ̀ sílẹ̀, máàkì kékeré la máa fún un, bó ti wù kí ìrẹsì sẹ́mínà rẹ̀ dùn tó.

Ìjẹ̀bú kì í ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1990, bí ogun tó bẹ́ sílẹ̀ ní Làìbéríà ní ìparí 1989 ṣe ń lé èèyàn jáde, wọ́n dá àgọ́ ogúnléndé sílẹ̀ ní Oru-Ìjẹ̀bú, ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ìjẹ̀bú. Àwọn ará Làìbéríà ló kọ́kọ́ débẹ̀. Àwọn ará Sierra Leone, tí ogun tiwọn bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta 1991, tẹ̀ lé wọn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí owó ìrànwọ́ ṣe ń ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó tẹ̀ lé ọ̀nà tí irú ẹni tó dé sí Oru máa gbà: láti inú àgọ́, dé ìlú rẹ̀, tàbí títí tó fi pinnu pé Nàìjíríà lòun máa wà.

Ohun tí àgọ́ ń fúnni ní òṣùwọ̀n tí wọ́n ń tẹ̀ lé káàkiri ayé: oúnjẹ tó tó kálórì 2,100 lójúmọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, omi lítà 15 sí 20, ilé ìgbẹ́ kan fún èèyàn 20, káàdì tí wọ́n fi ń gba oúnjẹ, ibi ìtọ́jú aláìsàn, ilé ẹ̀kọ́. Ìyẹn ń gba ẹ̀mí là, a ò sì ní í bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ìlàjà, àléébù rẹ̀ mẹ́ta ni. Àgọ́ kì í béèrè ẹ̀yìn ta lo wà: ẹni tí àwọn ọmọ ogun kan sun ilé rẹ̀ àti ẹni tí àbúrò rẹ̀ wà lára àwọn ọmọ ogun náà lè jọ tò sídìí ẹ̀rọ omi kan náà, kò sì sí òṣìṣẹ́ kankan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dá sí ohun tó wà láàárín wọn. Oúnjẹ á máa dín kù bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, nítorí ogun tuntun ti bẹ́ níbòmíì, ibẹ̀ ni ojú olówó ti yí sí. Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ àwọn onílé. Bí wọ́n bá gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ sínú ọgbà àgọ́, tí abúlé tó wà lẹ́yìn ọgbà ṣì ń pọn omi odò, ìjà tuntun ni wọ́n ń gbìn. Ètò tó mọṣẹ́ máa ń ya apá kan sọ́tọ̀ fún onílé láti ìbẹ̀rẹ̀: ẹ̀rọ omi níta ọgbà, dókítà tó ń tọ́jú tìhín tọ̀hún, ilé ẹ̀kọ́ kan náà fún ọmọ àlejò àti ọmọ onílé.

Àdéhùn àlàáfíà Làìbéríà wáyé ní Accra ní 18 oṣù kẹjọ 2003. Láti oṣù kẹwàá 2004 títí di oṣù kẹfà 2007 ni UNHCR, àjọ tó ń bójú tó ogúnléndé lágbàáyé, fi ń kó àwọn ará Làìbéríà padà sílé. Ti Sierra Leone ti parí ní 2004. Lórí ìwé, ìgbésẹ̀ rẹ̀ kò le. Olórí ìdílé á forúkọ gbogbo wọn sílẹ̀. Á buwọ́ lu fọ́ọ̀mù pé kò sẹ́ni tó fipá mú òun. Wọ́n á fọ̀rọ̀ wá kálukú lẹ́nu wò, ó sì yẹ kó jẹ́ ní ìkọ̀kọ̀, kí ọkọ má bàa dáhùn fún aya. Wọ́n á yẹ ara wọn wò fún àìsàn. Orúkọ wọn á wọ ìwé èrò. Wọ́n á wọn ẹrù wọn. Ìdí ẹrù yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Ẹni tó ti lo ọdún mẹ́wàá nílùú ti ní ẹ̀rọ ìránṣọ, ìkòkò ńlá, àga, bẹ́ẹ̀dì. Wọn ò ní í bá a gbé gbogbo rẹ̀. Á tà á ní gbàǹjo lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn, gbogbo àwọn tó ń lọ ló sì ń tà lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà owó táṣẹ́rẹ́ ló máa bọ́ sí i lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ yẹn ni oúnjẹ rẹ̀. Ètò tó bá gbọ́n máa ń fi irinṣẹ́ kún ohun tó ń fún un tó bá délé, kó má jẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì àti korobá nìkan.

Àléébù tó tóbi jù kò sí lójú ọ̀nà. Ètò náà mọ bí wọ́n ṣe ń gbé èèyàn dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Kò mọ ẹni tó wà nínú ilé náà báyìí.

Ẹni tó sá kúrò ní 1990 tó sì padà ní 2006 lè bá ẹlòmíì lórí oko rẹ̀. Ẹni yẹn náà á ní òun ò jí i: ogun ló gbé òun débẹ̀, òun ti gbin rọ́bà, òun ti sin òkú síbẹ̀. Àwa tí a mọ ohun tí àjàgungbalẹ̀ ń fojú èèyàn rí ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, débi tí ìjọba fi ṣòfin lòdì sí i ní 2016, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ máa là á yé wa pé irú ìjà yìí lè sọ àdéhùn ńlá di yẹpẹrẹ. Ilẹ̀ Yorùbá náà ti rí i rí. Nígbà tí ìjọba Èkó bá wọn dá sí ogun Kírìjì ní 1886, àwọn ọba buwọ́ lùwé, Awùjalẹ̀ wà lára wọn, ogun ńlá sì rọlẹ̀. Àmọ́ ìwé náà ní kí Mọdákẹ́kẹ́ ṣí kúrò lórí ilẹ̀ Ifẹ̀, kò sì sọ bí wọ́n ṣe máa ṣe é tí kò ní dìjà. Ní 1981, àti láti 1997 títí di 2000, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń ṣàn lórí ohun tí gbólóhùn yẹn fẹ́ yanjú.

Nínú gbogbo ètò tó kan ilẹ̀ tí a mọ̀, èyí tí a máa fún ní máàkì tó ga ni ti Làìbéríà, tí Àpò Owó Àlàáfíà ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé náwó sí, tí UNHCR sì gbé fún ẹgbẹ́ onídàájọ́ òdodo àti àlàáfíà ti ìjọ Àgùdà níbẹ̀ láti ṣe. Ẹ̀kọ́ ìparí ìjà láìdé kóòtù ni: bí a ṣe ń jẹ́ kí ẹni tínú ń bí sọ tẹnu rẹ̀ tán, bí a ṣe ń tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ fún un kó lè mọ̀ pé a gbọ́, bí a ṣe ń wá ohun tí ọwọ́ àwọn méjèèjì lè tó dípò ká wá ẹni tó jẹ̀bi. Kò sí ohun tuntun níbẹ̀ fún ẹni tó ti jókòó ti Òṣùgbó. Ibi tó ti yàtọ̀ ni iye èèyàn tí wọ́n kọ́ nínú ìlú kan. Sẹ́mínà tí a mọ̀ ni kí wọ́n pe baálẹ̀ méjì-méjì láti ogún ìlú sí hòtẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n fún wọn lówó mọ́tò, kí ó parí síbẹ̀. Níbi tá à ń wí yìí, nǹkan bí ìdá 15 nínú 100 àwọn àgbàlagbà ìlú kọ̀ọ̀kan ló gba ẹ̀kọ́ náà, ọjọ́ ẹ̀kọ́ sì pín sórí oṣù mélòó kan, kì í ṣe òpin ọ̀sẹ̀ kan. Ìyẹn ni pé bí ìjà bá bẹ́ lóru, ẹni tó ti kọ́ ọ á wà nítòsí, kò ní í jẹ́ baálẹ̀ tó ti lọ sí Monrovia.

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ṣètò rẹ̀ bí ẹni ń ṣẹ́ kèké: ìlú 246 ló wà nínú rẹ̀, 86 ló kọ́kọ́ gba ẹ̀kọ́, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn tó kù lẹ́yìn ọdún kan. Ìjà ilẹ̀ tí wọ́n yanjú pọ̀ sí i níbi tí ẹ̀kọ́ dé. Ìwà ipá tó ń bá ìjà ilẹ̀ rìn dín kù. Àmọ́ ohun tí ìwé ìpolówó kì í sọ náà wà níbẹ̀: ìjìyà tí ará ìlú ń dá fúnra wọn láìdé ọ̀dọ̀ ìjọba pọ̀ sí i, títí kan fífún afurasí ní oògùn mu láti mọ̀ bóyá àjẹ́ ni. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Tí ẹ bá sọ fún ìlú pé agbára ìparí ìjà wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n á lò ó fún gbogbo ìjà, títí kan èyí tí ẹ ò fẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbé irú rẹ̀ wá sí ìhín gbọ́dọ̀ kọ ohun tí kò sí lábẹ́ àṣẹ ìgbìmọ̀ ìlú sínú ẹ̀kọ́ náà láti ọjọ́ kìn-ín-ní: ẹ̀sùn àjẹ́, ìfipábánilòpọ̀, ikú. Ọlọ́pàá àti kóòtù ló ni wọ́n.

Ti Sierra Leone la máa fún ní máàkì ààbọ̀, pẹ̀lú ìkìlọ̀. Lẹ́yìn ogun tó parí ní 2002, àwọn ẹgbẹ́ ibẹ̀ gbé ètò kan kalẹ̀ tí owó òkèèrè ràn lọ́wọ́: ìlú á dáná lálẹ́, ẹni tí wọ́n ṣe léṣe á sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, ẹni tó ṣe é á jẹ́wọ́, á tọrọ àforíjì níwájú gbogbo ènìyàn. Nígbà tí àwọn olùṣèwádìí fi ìlú 100 tó ṣe é wé 100 tí kò tíì ṣe é, tí wọ́n sì bá èèyàn 2,383 sọ̀rọ̀, ohun méjì tó lòdì síra wọn ni wọ́n rí, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2016. Ìdáríjì pọ̀ sí i, ìgbẹ́kẹ̀lé pọ̀ sí i, àwọn èèyàn sì ń dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ ìlú. Lọ́wọ́ kan náà, ìbànújẹ́ ọkàn, àìfọkànbalẹ̀ àti ìpayà lórí ohun tó ti kọjá pọ̀ sí i láàárín àwọn ènìyàn kan náà, kò sì tán lẹ́yìn ọdún méjì ààbọ̀. Ìlú jèrè, ọkàn ẹnì kọ̀ọ̀kan san owó rẹ̀. Wọ́n ṣí ojú egbò láàárín alẹ́ kan, lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì kò sẹ́ni tó padà wá wò ó. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ wá, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni: ta ló máa padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì, ní oṣù kẹta, ní oṣù kẹfà, èló sì ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún ìyẹn nínú ìṣirò owó? Bí kò bá sí ìlà kankan fún un, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dáná.

Nísinsìnyí, àwọn tí kò padà. Àwọn ni ètò tó wù wá jù wà fún, òun ló sì náni lówó tó kéré jù. Ìlànà ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ti 1979 ti sọ pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú àjọ náà lè wọ òmíràn fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Àfikún 1986 fi ẹ̀tọ́ láti gbébẹ̀ kó sì ṣiṣẹ́ kún un. Ti 1990 fi ẹ̀tọ́ láti dá òwò sílẹ̀ kún un. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sẹ́ni tó rántí pé ogúnléndé láti Làìbéríà ṣì jẹ́ ọmọ ECOWAS. Ní 2007, Nàìjíríà, Làìbéríà, Sierra Leone, ECOWAS àti UNHCR jọ buwọ́ lu àdéhùn kan: ìjọba ìlú ẹni náà á fún un ní páàsìpọ́ọ̀tù, Nàìjíríà á fún un ní ìwé àṣẹ ìgbélùú, òun náà á sì jọ̀wọ́ orúkọ ogúnléndé. Ó di aládùúgbò tó ń ṣiṣẹ́ láàárín àwa, kò retí káàdì oúnjẹ mọ́. Ìwé kan, òǹtẹ̀ ìjọba méjì, ìjọba kan ò sì lè dá a ṣe. Ohun tí a ní kí ètò ìlàjà fi sílẹ̀ gan-an nìyẹn.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ pọ̀, wọ́n sì ṣe é mọ̀ ṣáájú. Ẹ̀rù ló kọ́kọ́ ń wà: ẹni tó gba páàsìpọ́ọ̀tù ìlú rẹ̀ ti fi hàn pé ìjọba yẹn ló ń dáàbò bò ó, òfin àgbáyé ti 1951 sì sọ pé ìyẹn fòpin sí ipò ogúnléndé. Ọ̀pọ̀ ń rò pé ọ̀nà ìtànjẹ ni kí wọ́n lè lé wọn, tàbí kí wọ́n pàdánù ààyè àtilọ sí Amẹ́ríkà. Olùdámọ̀ràn tó gbọ́ èdè wọn ló yẹ kó ṣàlàyé rẹ̀ ní yàrá, kì í ṣe lórí gbohùngbohùn. Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ tí ipò náà máa tán: 31 oṣù kejìlá 2008 fún àwọn ará Sierra Leone, 30 oṣù kẹfà 2012 fún àwọn ará Làìbéríà. Ẹni tí ọjọ́ yẹn bá kọjá lórí rẹ̀ láìní ìwé tuntun kò ní orúkọ kankan lábẹ́ òfin. Ọmọ tí wọ́n bí sí àgọ́ nílò ìwé ìbí kí wọ́n tó lè mọ ọmọ ẹni tó jẹ́, ìyẹn ló sì yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ mú ṣe, oṣù mélòó kan ṣáájú páàsìpọ́ọ̀tù. Ọlọ́pàá ojú ọ̀nà kò sì mọ ìwé náà bí kò bá sẹ́ni tó fi hàn án rí; ìdálẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kan fún àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá àti aṣọ́bodè ìhà ibẹ̀ ì bá ṣe é láǹfààní ju ìwé ìpolówó ẹgbẹ̀rún kan lọ. Paríparí rẹ̀, olówó òkèèrè máa ń sanwó ìwé àkọ́kọ́. Tí àkókò ìtúnṣe bá tó, àpò aráalé ló máa jáde. Kí wọ́n sọ iye rẹ̀ fún un lọ́jọ́ tó ń gba àkọ́kọ́.

Owó kékeré míì tó ṣiṣẹ́ ni ti àwọn obìnrin Odò Mano. Ní 2000, àwọn obìnrin láti Làìbéríà, Sierra Leone àti Guinea dá ẹgbẹ́ àlàáfíà kan sílẹ̀ ní Àbújá níbí, nígbà tí àwọn olórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò fẹ́ rí ara wọn sójú. Wọ́n lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi gbà láti jókòó. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fún wọn ní àmì ẹ̀yẹ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní 2003. Owó mọ́tò, owó bàlúù, owó fóònù: ohun tí wọ́n nílò kò ju ìyẹn lọ. Bẹ́ẹ̀ owó bàlúù ni ọ̀pọ̀ olówó ìrànwọ́ kì í fẹ́ san, nítorí kò ṣe é ya fọ́tò.

Ẹni tó bá fẹ́ rí bí ètò ńlá ṣe ń rí, kí ó wo Àríwá Áyálándì, níbi tí àwọn Àgùdà àti àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ti bá ara wọn jà. Lẹ́yìn tí àwọn ológun ìkọ̀kọ̀ dáwọ́ ìjà dúró ní 1994, Ìṣọ̀kan Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ ètò PEACE ní 1995, fún Àríwá Áyálándì àti ìpínlẹ̀ ẹnubodè mẹ́fà ní Áyálándì tó gba òmìnira. Ó ti dé ìpele karùn-ún báyìí, tí wọ́n ń pè ní PEACEPLUS, tó ń lọ dé 2027, tí owó rẹ̀ sì ju bílíọ̀nù kan owó yúrò lọ. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi Ìṣọ̀kan Yúróòpù sílẹ̀, ètò náà kò kú. Àwọn méjèèjì ṣì jọ ń sanwó rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún fún ìlàjà kan! Àwọn tó ń fún wa ní oṣù 18, kí wọ́n ka ìyẹn.

Òfin tó mú un dára ni ti ìfọwọ́sowọ́pọ̀. Nínú ètò ẹnubodè Yúróòpù, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo kì í sábà lè bèèrè owó. Ìhín àti ọ̀hún ló sábà gbọ́dọ̀ jọ kọ ọ́, kí wọ́n jọ ṣe é, lẹ́yìn náà kí wọ́n jọ gba òṣìṣẹ́ tàbí kí wọ́n jọ dá owó, tàbí méjèèjì. Ẹgbẹ́ kan á jẹ́ aṣíwájú, òun ló máa buwọ́ lùwé, òun ló máa dáhùn bí owó ẹnì kejì bá sọnù. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yìí ni àṣírí rẹ̀: tí owó ọ̀tá rẹ bá sọnù tí ìwọ sì máa san án, o máa kọ́ láti ka ìwé owó rẹ̀, òun náà á sì máa fi rìsíìtì ránṣẹ́ sí ọ lóṣooṣù. Ìyẹn ń mú ìgbẹ́kẹ̀lé wá ju ìfọwọ́kọ́rùn orí pèpéle lọ.

Ohun tó wá jáde níbẹ̀ ni afárá ẹlẹ́sẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ tó wà ní Derry, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà 2011. Ó so apá tí àwọn Àgùdà pọ̀ sí mọ́ apá tí àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì pọ̀ sí, ó sì gúnlẹ̀ sí ibi tó jẹ́ bárékè sójà tẹ́lẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé afárá lásán kò tó. Wọ́n ní láti fi ohun tí èèyàn fẹ́ lọ ṣe sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, gbàgede, ibi ìpéjọ, ibi ìjẹun, kí ẹsẹ̀ lè máa kọjá. Ṣùgbọ́n kí ẹ má rò pé ohun gbogbo ti yanjú: ògiri gíga tó pín àdúgbò sí méjì ṣì wà ní Belfast, ọ̀pọ̀ ọmọ ṣì ń lọ ilé ẹ̀kọ́ ẹlẹ́sìn tiwọn.

Àléébù PEACE wà nínú bí owó ṣe ń jáde. Ẹ̀yìn ìnáwó ni wọ́n ń san án: ẹgbẹ́ á kọ́kọ́ ná tirẹ̀, á kó rìsíìtì jọ ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á tó san án padà. Ẹgbẹ́ ńlá tó ní owó nílé lè fara dà á. Ẹgbẹ́ obìnrin àdúgbò, tó mọ àwọn tó ń jà gan-an, kò lè yá owó oṣù mẹ́fà ná. Nítorí náà àwọn tó mọ ìwé kọ ló ń jẹ owó náà jù, àwọn tó mọ ìlú sì ń wò.

Kí ni gbogbo èyí kan Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ lónìí? Owó ìlàjà òkèèrè kì í sábà dé ọ̀dọ̀ wa. Ètò ìdúróṣinṣin àti ìlàjà tí Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì náwó sí ní Nàìjíríà, tó parí ní 2017, ìpínlẹ̀ mẹ́jọ ló lọ: Kano, Kaduna, Plateau, Borno, Yobe, Rivers, Bayelsa, Delta. Kò sí ìpínlẹ̀ Yorùbá kankan níbẹ̀. Ibi tí iná ti ń jó ni wọ́n ń bomi sí, a ò lè bá wọn jà. Ṣùgbọ́n Ṣágámù mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù keje 1999, nígbà tí ìjà Yorùbá àti Hausa bẹ́ sílẹ̀ lálẹ́ Orò, tí ẹ̀san rẹ̀ sì dé Kánò láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìlú tí ìlú kéékèèké mẹ́tàlá parapọ̀ dá nítorí ogun, tí ọba kálukú sì ṣì ń jókòó, kò ṣàìmọ bí a ṣe ń bá ara ẹni gbé.

Bí owó bá wá dé síbẹ̀ lọ́la, ọjà obì la máa ní kó kọ́kọ́ yà. Ará Rẹ́mọ ló ń kó gbànja jáde, ará òkè Ọya ló ń rà á. Wọ́n ń rẹ ẹ́ sínú omi kí èèpo rẹ̀ lè bó, wọ́n ń ṣà á, wọ́n ń kó o sínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n tẹ́ ewé sí, wọ́n sì ń yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ń pààrọ̀ ewé. Obì tí kò rí ẹni yẹ̀ ẹ́ wò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kòkòrò á jẹ ẹ́, tàbí kó hu, adánù ẹni tó tà àti ẹni tó rà sì ni. Ilé ìkóbìsí kan tí ìgbìmọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdajì-ìdajì, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ jẹ́ méjì, tí nọ́ńbà fóònù àwọn olórí méjèèjì wà lára ògiri rẹ̀ fún ìgbà tí ariwo bá sọ lóru, yóò ṣe ju àpérò àlàáfíà mẹ́wàá lọ. Kí kàlẹ́ńdà ọdún Orò wà lára ògiri kan náà, kí wọ́n ti fi tó àwọn ará Sábó létí ní èdè Hausa, ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú.

Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè tàbí règbérègbé tó bá fẹ́ bèèrè irú owó yìí, ìwé rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pé. Iforúkọsílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ tí kì í ṣe fún èrè: ó kéré tán alámòójútó méjì, ìpolongo nínú ìwé ìròyìn méjì, ọjọ́ 28 fún ẹni tó bá fẹ́ takò ó. Ìwé SCUML, ẹ̀ka tó ń ṣọ́ fífi owó èérí pamọ́, láti ọ̀dọ̀ EFCC, nítorí báńkì ń bèèrè rẹ̀ kí wọ́n tó ṣí àkáǹtì fún ẹgbẹ́. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni. Fún owó Amẹ́ríkà, nọ́ńbà UEI, tí wọ́n fi ń dá ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ̀, lórí SAM.gov, ojúlé ìforúkọsílẹ̀ ìjọba wọn, ọ̀fẹ́ lòun náà. Kí àwọn tó máa buwọ́ lu ṣẹ́ẹ̀kì wá láti ìhà méjèèjì tó ń jà, kì í ṣe alága àti akápò tó jẹ́ ọmọ ìyá.

Nínú ìṣirò owó, ẹ wo ìlà tí wọ́n ń pè ní owó àbójútó. Ìṣọ̀kan Yúróòpù kì í fún ju ìdá 7 nínú 100 lọ. Amẹ́ríkà gbé tiwọn láti 10 dé 15 ní oṣù kẹwàá 2024. Ìdá 7 kò lè sanwó dísù jẹnẹrétọ̀, owó ilé àti owó ọ̀dítọ̀. Ohun tí ẹ bá lè kọ sábẹ́ iṣẹ́ fúnra rẹ̀, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀: fóònù àwọn alájàpẹ̀tù, dísù tó ń tanná sí ìpàdé. Ìyá tó ń ta iyán kì í já rìsíìtì. Ẹ ra ìwé rìsíìtì dání, ẹ kọ ọ́, kó tẹ̀ka sí i, kí ẹ kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Tí wọ́n bá ń san ní yúrò tí ẹ sì ṣe ìṣirò ní náírà, ẹ bèèrè ẹni tó ni èrè tàbí àdánù bí náírà bá ṣubú bó ṣe ṣubú ní oṣù kẹfà 2023.

Ẹ ka ìlà ìfòpinsí. Ní oṣù kìn-ín-ní 2025, àwọn tó ń fi owó USAID, àjọ ìrànwọ́ ìjọba Amẹ́ríkà, ṣiṣẹ́ gba ìwé pé kí wọ́n dúró lójú ẹsẹ̀. Nígbà tó fi di 1 oṣù keje, àjọ náà fúnra rẹ̀ ti kógbá wọlé. Ìjíròrò tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn tó ń jà dúró lágbedeméjì, ìyẹn sì burú ju kí wọ́n má bẹ̀rẹ̀ rárá, nítorí ẹni tó ti jẹ́wọ́ ti jẹ́wọ́ ná. Kí ẹ béèrè, kí ẹ tó buwọ́ lùwé, pé bí owó bá dúró lójijì, owó oṣù mẹ́ta fún ìparí ìjíròrò á wà. Tí wọ́n bá ní kò ṣeé ṣe, ẹ má bẹ̀rẹ̀ apá tó kan ìjẹ́wọ́. Iṣẹ́ ilé ìkóbìsí ni kí ẹ mú.

Ìlà tí ọ̀pọ̀ kì í kà wà lójú ìwé tó kẹ́yìn: ta ló ni mọ́tò, jẹnẹrétọ̀ àti ilé lẹ́yìn iṣẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé, bí ẹ kò bá kọ orúkọ ẹni tó máa gbà á, olówó ló máa pinnu, ó sì lè gbé e fún ètò míì ní ìpínlẹ̀ míì. Orúkọ ìgbìmọ̀ tó ní ìhín àti ọ̀hún nínú ni kí ẹ kọ síbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n máa gbé e lé wọn lọ́wọ́, kí ẹ tó gba kọ́bọ̀ àkọ́kọ́.